Àyìnlá, Gbé Àpótí Yẹn Kúrò Lábẹ́ Ìtẹ́ Ẹyẹ

Àyìnlá, gbé àpótí yẹn kúrò níbẹ̀. Èyí tó wà lábẹ́ ìtẹ́ ẹyẹ yẹn ni mò ń wí. Gbé e kúrò kí n tó jókòó, torí tí mo bá ti jókòó, n ò ní í dìde bọ̀rọ̀. Àtẹ̀gùn ilé yìí ti gba gbogbo agbára ẹsẹ̀ mi. Pa iná fóònù ọwọ́ rẹ náà. Mo ti rí ọ láti ìsàlẹ̀. Mo rí bí o ṣe gun àpótí, tí o nà gàgà, tí o tan iná sójú ìyá ẹyẹ tó jókòó jẹ́ẹ́ sórí ẹyin rẹ̀. Ẹyẹ yẹn fò jáde fìrì. Láti ìgbà náà mo ti kí àwọn ará ìsàlẹ̀, mo ti sinmi lẹ́ẹ̀mejì lórí àtẹ̀gùn, mo ti dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè níbí, kò tíì padà síbẹ̀.

O pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá, o ní, "Àǹtí, ẹ gbà mí, oṣù kẹjọ rèé tí àwọn ẹyẹ yìí ti ń yé, ọmọ kan ṣoṣo ò tíì jáde." O ní bóyá ẹni tó tà wọ́n fún ọ ló rẹ́ ọ jẹ. O ní bóyá afẹ́fẹ́ Ìsàlẹ̀ Èkó ni kò bá wọn lára mu. Ó dáa, mo ti dé, mo sì ti wò yíká. Ẹyẹ ò jẹ̀bi, Ìsàlẹ̀ Èkó ò sì jẹ̀bi. Ọwọ́ rẹ ló pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ wọn. Iṣẹ́ tó yẹ kí o ṣe kí wọ́n tó yé, o ò ṣe é. Ìgbà tó yẹ kí o yọwọ́, tí wọ́n ti yé tán, ìgbà náà lo wá ń ṣe àṣekára.

Má fajú ro. Bí èmi ò bá bá ọ wí, ta ni yóò bá ọ wí? Inú ilé yìí ni wọ́n bí mi sí. Ara ògiri tó kọjú sí Ìdúmàgbò yẹn ni bàbá mi, bàbá àgbà rẹ, kan ilé ẹyẹlé mọ́, kí wọ́n tó bí bàbá rẹ rárá. Láràárọ̀ ló máa ń da àgbàdo sílẹ̀ fún wọn, á dúró wò wọ́n díẹ̀, á sì bá tirẹ̀ lọ. N ò rí i kó kiwọ́ bọ ìtẹ́ wọn rí. Síbẹ̀, a kì í wá ọmọ ẹyẹlé tì nílé yìí.

Èmi fúnra mi ti ṣe ohun tí ò ń ṣe yìí rí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ní zebra finch, irú fíńṣì tí o ní yìí, ẹyin mẹ́rin ni abo mi yé. Mo ń yọjú wò ó láàárọ̀, mo ń yọjú wò ó lọ́sàn-án, mo ń yọjú wò ó lálẹ́. Lọ́jọ́ kẹsàn-án ó kọ ẹyin náà sílẹ̀. Ìgbà tí wọ́n tutù tán, mo fọ́ ọ̀kan. Ọmọ ti wà níbẹ̀, Àyìnlá. Ojú rẹ̀ ti dúdú, kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. N ò gbàgbé rẹ̀ títí dòní. Ìdí nìyẹn tí ohùn mi fi le.

Ó yá, tan iná fóònù yẹn padà. Òní nìkan ni mo gbà ọ́ láyè, torí ìyá ẹyẹ ti sá kúrò níbẹ̀ náà. Mú ẹyin kan, fi ìka méjì dì í mú bí ẹni mú ìlẹ̀kẹ̀, gbé e síwájú iná. Ọjọ́ kọkànlá rèé tó ti ń sàba, àbí? Ẹyin tí ọlẹ̀ bá wà nínú rẹ̀, láti bí ọjọ́ karùn-ún sí ìkeje lo ti máa rí iṣan pupa tín-ín-rín tó nà káàkiri bí ìtàkùn. Tó bá fi máa di ọjọ́ kọkànlá, inú rẹ̀ á ti ṣókùnkùn. Wo èyí. Ó mọ́ gaara. Wo ìkejì. Bákan náà. Ẹyin márùn-ún, kò sí ọlẹ̀ kankan níbẹ̀. Ọjọ́ mọ́kànlá ni ìyá yìí ti fi ara rẹ̀ jìn fún òfìfo.

O fẹ́ mọ ohun tó fà á? Dákẹ́, kí o gbọ́. Igbe tó ń ti pálọ̀ wá yẹn, tó dà bíi fèrè kékeré, akọ tí o dá gbé sínú kéèjì ló ń ké. Gbọ́ èyí tó dá a lóhùn láti ibi wa níbí. Abo funfun tó yé ẹyin yìí ni. Tọkọtaya ni wọ́n! O pín wọn níyà torí o fẹ́ kí abo funfun bá akọ aláwọ̀ eérú lò, kí o lè rí ọmọ aláwọ̀ ọ̀tọ̀. Akọ tí o wá fi tì í yìí, abo tirẹ̀ ló wà lórí igi kejì yẹn, tó ń wò wọ́n. Ẹyẹ yìí kì í ṣe adìẹ, tí àkùkọ kan ń ṣe ọkọ abo mẹ́wàá. Tí fíńṣì bá ti mú ara wọn, wọ́n ti mú ara wọn nìyẹn.

Má rò pé ọ̀rọ̀ àgbà lásán ni mò ń sọ. Àwọn onímọ̀ ti dán an wò ní Seewiesen, nílẹ̀ Jámánì. Malika Ihle, Bart Kempenaers àti Wolfgang Forstmeier ni orúkọ wọn, ọdún 2015 ni wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde. Wọ́n kó 160 ẹyẹ yìí jọ, wọ́n jẹ́ kí abo yan akọ tó wù ú. Wọ́n fi ìdajì sílẹ̀ pẹ̀lú ẹni tí wọ́n yàn. Wọ́n fipá so ìdajì yòókù mọ́ akọ tí abo mìíràn yàn, bí ìwọ náà ṣe ṣe. Ọmọ tó yè lọ́wọ́ àwọn tó yan ara wọn fi ìdá 37 nínú ọgọ́rùn-ún ju tàwọn yòókù lọ. Lọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n fipá so pọ̀, ẹyin tí kò ní ọlẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta. Ọmọ tó sì kú lẹ́yìn tó pa, láàárín ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ ni púpọ̀ nínú wọn ń kú, torí bàbá wọn kì í dúró ṣọ́ ìtẹ́ bó ṣe yẹ. Ohun tí wọ́n rí ní Jámánì, òun náà ni mo gbé síwájú iná fún ọ lẹ́ẹ̀kan yẹn.

O mọ akọ yàtọ̀ sí abo, mo yìn ọ́ fún ìyẹn. O mọ̀ pé akọ ni àgógó rẹ̀ pupa bí ata rodo, tí ti abo sì rí bí awọ ọsàn. O mọ̀ pé akọ nìkan ló ń kọrin. O mọ̀ pé èyí tí àgógó rẹ̀ ṣì dúdú, ọmọdé ni. Ṣùgbọ́n mímọ akọ àti abo kò sọ ọ́ di alárinà. Akọ mẹ́ta, abo mẹ́ta lo ní. Kó gbogbo wọn sínú ilé ẹyẹ ńlá yìí pọ̀, má gbé ìtẹ́ kankan síbẹ̀, kí o sì jókòó jìnnà máa wò wọ́n. Àwọn tó bá fara ti ara wọn lórí igi lálẹ́, tí ọ̀kan ń fi àgógó tún ìyẹ́ ọrùn èkejì ṣe, àwọn ni tọkọtaya. Mẹ́ta tí wọ́n jẹ́ yẹn gan-an dára. Tọkọtaya kan lè dá wà, mẹ́ta lè jọ wà; méjì ni mi ò fẹ́, torí ọ̀kan á jọba lórí èkejì, kò sì ní jẹ́ kó rójú yé.

Ní báyìí, mú abo funfun yẹn fún mi. Rọra. Ọrùn rẹ̀ láàárín ìka méjì, ẹ̀yìn rẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, má fún un láyà. Fọwọ́ kan egungun àyà rẹ̀. Ṣé o rí i bó ṣe mú bí ẹ̀yìn ọ̀bẹ? Ẹran tó yẹ kó wà níbẹ̀ ti lọ sínú ẹyin. Oṣù mẹ́jọ ni ẹyẹ tí kò tóbi tó àtàǹpàkò mi ti ń yé láìsinmi! Tí o bá fi ìtẹ́ sílẹ̀ fún fíńṣì yípo ọdún, á máa yé títí ó fi máa kú lé e lórí. Lọ́jọ́ kan, ẹyin á há sí i nídìí, wàá bá a nílẹ̀ tó wú ìyẹ́ rẹ̀ kalẹ̀, tó ń mí gùlegùle. Kí abo tó bẹ̀rẹ̀ sí í yé, ó kéré tán kó pé oṣù mẹ́fà. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún ti tó, lẹ́yìn náà kí o tú ìtẹ́ kúrò, kí ó sinmi. Lónìí yìí, gbogbo ìtẹ́ ló ń bọ̀ nílẹ̀. Oṣù méjì gbáko ni wọ́n máa fi jẹun, tí wọ́n máa fi wẹ̀, tí wọ́n máa fi ṣeré.

Dúró ná. Kí ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún yìí? Bá mi wá abẹ́rẹ́. Mo ti ń wò ó pé ó ń gbé ẹsẹ̀ náà sókè. Irun atáṣímẹ́ǹtì ni, ẹyọ kan péré, tó ti yí ọmọ ìka rẹ̀ po lẹ́ẹ̀mẹrin, tó sì ti wọnú ẹran. Àwọn tó ń dirun nísàlẹ̀ ni afẹ́fẹ́ gbé e ti ọ̀dọ̀ wọn wá, ìwọ náà sì tún ń da òwú àjákù tí o ń gbà lọ́wọ́ télọ̀ sílẹ̀ fún wọn, o ní kí wọ́n fi kọ́lé. Irun àti òwú kì í já bọ̀rọ̀. Á fún ìka náà títí á fi gbẹ, á sì ké e dànù. Rọra… mo ti kó abẹ́rẹ́ sábẹ́ rẹ̀. Ọ̀kan já. Èkejì. Ó ti bọ́. Wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń padà síbẹ̀. Ọlọ́run ṣeun, a tètè rí i.

Nítorí náà, koríko gbígbẹ àti irun èèpo àgbọn ni kí o fún wọn, kí o gé e níwọ̀n ìka ọwọ́. Ìtẹ́ fúnra rẹ̀, lọ sí ìsọ̀ àwọn ẹlẹ́wé ọmọ ní Jánkárà, ra àdó tuntun tó tóbi tó orí ọmọ ọwọ́, kí o gbẹ́ ẹnu ọ̀nà sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mẹ́fà ni kí o rà, méjì fún tọkọtaya kan. So gbogbo wọn sókè, kí gbogbo wọn sì wà lórí ìlà kan náà. Méjì lo gbé síbí fún ẹyẹ mẹ́fà, o sì gbé ọ̀kan ga ju èkejì lọ. Gbogbo wọn á fẹ́ èyí tó ga, ìjà á sì bẹ́. Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀: ọjọ́ tí o bá ti rí ẹyin àkọ́kọ́, kó gbogbo koríko tó kù nílẹ̀ kúrò. Akọ fíńṣì kì í mọ ìgbà tí ilé parí. Tó bá ṣì rí koríko, á máa tò ó lé ẹyin lórí, ìyá á sì tún yé òmíràn lé e, èyí tó wà nísàlẹ̀ á di òbu.

Oúnjẹ wọn ńkọ́? Jéró gbígbẹ nìkan, láti oṣù mẹ́jọ! Jéró dára, n ò ní kí o má rà á mọ́ ní Èbúté Èrò. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Ọsirélíà ni irú ẹyẹ yìí ti wá, ibi tí ilẹ̀ ti gbẹ, tí òjò kì í wá déédéé. Tí òjò bá rọ̀ níbẹ̀, koríko á hù, á so èso tútù, ìgbà náà ni wọ́n máa ń bímọ. Ẹyẹ tó ń rí ọkà gbígbẹ nìkan, ọ̀gbẹlẹ̀ ló mọ̀. Ìwọ ni kí o mú òjò wá fún un. Rẹ jéró sómi lálẹ́, fọ̀ ọ́ lówùúrọ̀, dà á sínú asẹ́, kí o máa fomi ṣàn án títí wàá fi rí i tó yọ ẹnu funfun tín-ín-rín. Ìgbà náà ni kí o fún wọn. Èyí tí wọn ò bá jẹ tán, dà á nù kí ilẹ̀ tó ṣú; ooru Èkó á sọ ọ́ di kíkan bí omi ògì, ìkan náà á sì pa ọmọ ẹyẹ.

Se ẹyin adìẹ kó le dáadáa, fi ọwọ́ fọ́ ọ wẹ́wẹ́, ṣíbí kékeré kan láràárọ̀, pàápàá tí ọmọ bá ti pa. Má da èèpo rẹ̀ nù. Yan án lórí iná kó gbẹ, gún un, gbé e síbì kan fún wọn. Ibẹ̀ ni abo ti ń rí ohun tó máa fi ṣe èèpo ẹyin tirẹ̀. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tí o fọ̀ mọ́ dára. Má fi píà sí wọn lẹ́nu láéláé, ó ń pa ẹyẹ. Kí o sì gbé àwo omi fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n máa wẹ̀. Nígbà ọyẹ́, tí afẹ́fẹ́ bá gbẹ, omi tí ìyá gbé wọlé lára ìyẹ́ rẹ̀ lè ṣèrànwọ́ kí awọ inú ẹyin má baà gbẹ mọ́ ọmọ lára.

Tó bá wá di ìgbà tí wọ́n yé, iṣẹ́ rẹ parí nìyẹn. Kọ ọ́ sí kàlẹ́ńdà, má kọ ọ́ sójú ẹyẹ. Ẹyin kan lójúmọ́, mẹ́rin sí mẹ́fà. Bàbá àti ìyá ni wọ́n jọ ń sàba. Láti ìgbà tí wọ́n bá ti jókòó tì í tọkàntọkàn, ọjọ́ 12 sí 14, ó pa. Ọjọ́ 18 sí 21 lẹ́yìn náà, àwọn ọmọ á fò jáde nínú ìtẹ́. Kí wọ́n tó pé bí ọjọ́ 35, wọn ò tíì lè dá jẹun dáadáa, má yà wọ́n kúrò lọ́dọ̀ òbí wọn. Tó bá pọn dandan kí o yẹ ẹyin wò, ẹ̀ẹ̀kan, lọ́jọ́ keje, nígbà tí àwọn méjèèjì bá wà lórí oúnjẹ.

O ń bi mí ìdí tí yíyọjú lásán fi burú tó bẹ́ẹ̀. Gbọ́ èyí, kí o fi sọ́kàn. Lọ́dún 2016, Mylene Mariette àti Katherine Buchanan, ní Yunifásítì Deakin nílẹ̀ Ọsirélíà, sọ ohun tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu ẹyẹ yìí fún ayé. Tí ooru bá ti ju 26 lórí òṣùwọ̀n Celsius lọ, tó sì kù bí ọjọ́ márùn-ún kí ẹyin pa, òbí á máa fi ohùn kan pàtó bá ẹyin sọ̀rọ̀. Ọmọ inú ẹyin ń gbọ́. Èyí tó bá gbọ́ ọ, tó sì jáde sínú ooru, kì í sanra tó èyí tí kò gbọ́. Nígbà tí wọ́n sì dàgbà, àwọn tí ara wọn kéré nínú ooru yẹn ló bímọ jù. Ẹyẹ ń sọ bí ayé ṣe rí fún ọmọ kó tó wáyé. Ọ̀sán wo ni ti Èkó tí kì í ju 26 lọ? Nígbà tí oyún rẹ wà nínú ìyá rẹ, èmi wà nílé yìí. Á jókòó sórí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí gan-an lálẹ́, á fọwọ́ lé ikùn, á máa bá ọ sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, kò sì sí ẹni tó jẹ́ já lu ọ̀rọ̀ wọn. Tí o bá gun àpótí láàárín ọjọ́ márùn-ún yẹn, ọ̀rọ̀ òbí àti ọmọ lo já lù.

Ó ku àwọn nǹkan tó lè pa wọ́n. Gbé ilé ẹyẹ yìí kúrò ní igun yìí, èéfín jẹnẹrétọ̀ ẹ̀yìnkùlé ń gòkè wá síbẹ̀. Má tan kọ́ìlì ẹ̀fọn sí tòsí wọn, má fọ́n oògùn kòkòrò. Páànù tí oúnjẹ kì í lẹ̀ mọ́ yẹn, tó bá gbóná jù lórí iná, ìwọ ò ní gbóòórùn nǹkan kan, ẹyẹ á sì kú. Ki ẹsẹ̀ tábìlì wọn bọ agolo mílíìkì tí omi àti òróró wà nínú rẹ̀ kí èèrà má baà gùn ún. Nẹ́ẹ̀tì tí ọmọ ìka rẹ bá lè gba inú rẹ̀ kọjá, eku á gba ibẹ̀ kọjá. Ní Oṣù Kejìlá, tí àwọn ọmọ àdúgbò bá ń yin bánga, tan iná kékeré sílẹ̀ fún wọn lálẹ́, kí abo tí ẹ̀rù bá bà lè rí ọ̀nà padà sórí ẹyin.

Ẹyẹ ìgbẹ́ tí o ní ẹnì kan fẹ́ fi àtè mú wá fún ọ, sọ fún un pé kó má mú un wá. Ọjọ́ pẹ́ tí wọ́n ti ń kó àwọn ẹyẹ kéékèèké ilẹ̀ wa, láti Senegal títí dé ìhín, lọ sí òkè òkun. Ọdún 2005 ni Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Yúróòpù ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹyẹ ìgbẹ́ nítorí àìsàn adìẹ, ọdún 2007 ni wọ́n sì tì í pa. Ẹyẹ tí àtè já ìyẹ́ rẹ̀, ẹ̀rù ló ń jẹ mọ́ oúnjẹ. Kì í rójú bímọ.

Ó tó. Mo ti wí tèmi. Lọ gbé akọ yẹn wá láti pálọ̀ kí n tó máa lọ. Ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀, fi ẹnu kéèjì kò ó lẹ́nu, má tì í, jẹ́ kó fúnra rẹ̀ wọlé. Padà sẹ́yìn. Padà sí i, Àyìnlá, tò wá sídìí ògiri níbí. Abo funfun ti rí i. Wò ó bó ṣe ń fi ẹsẹ̀ tó dùn ún yẹn rìn lórí igi lọ bá a. Wọ́n ti fara ti ara wọn. Wò ó, ó ń tún ìyẹ́ ọrùn rẹ̀ ṣe. Ṣé o rí i pé a ò fọwọ́ kan nǹkan kan?

Má nu ojú, ẹ̀bi rẹ ò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Àpótí yìí ń bá mi lọ sílé. Lọ́jọ́ tí o bá jókòó sí pálọ̀, tí o gbọ́ igbe wẹ́wẹ́ láti inú àdó, bí ìgbà tí wọ́n ń gbọn ìlẹ̀kẹ̀ nínú ife, pè mí, màá gbé e padà wá fún ọ. Ó yá, ìwọ lo máa bá mi gbé e sọ̀kalẹ̀. Orúnkún mi ò gba ẹrù.